Bí Mo Ṣe Fi Wáyà Sin Ìyá Mi Láàyè

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, tíṣà Yorùbá ni mí. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun gan-an ló máa dójú tì mí kí n tó sọ̀rọ̀ mi tán.

Ọdún méjìlá gbáko ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Bí ọmọ bá gbàgbé àmì ohùn, bírò pupa mi á fò mọ́ ọn. Bó bá gbàgbé àmì ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀, ìgbà ọgbọ̀n ló máa tún un kọ. Wọ́n sọ mí ní "Ìyá Àmì" lẹ́yìn mi. Mo gbọ́, mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ní ọdún 1984, ọdún tí àwọn sójà ń fi kóbókò kọ́ wa bí a ṣe ń tò sórí ìlà, ìyá mi pé ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Matilda lorúkọ wọn, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé. Ọkọ mi ti kú, àwọn ọmọ mi ti lọ sí yunifásítì, iléèwé lèmi náà sì máa ń wà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Màmá nìkan ló máa ń ṣẹ́ kù sílé pẹ̀lú sítóòfù.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé ìkókoré kaná, wọ́n lọ sójú fèrèsé láti bá ọ̀rẹ́ wọn sọ̀rọ̀, ó di ìgbàgbé. Nígbà tí mo dé, kọ́tìnì ti jóná, ìkókoré ti di èédú, Màmá sì ń bá mi jà pé mo pẹ́ níta.

Màmá fúnra wọn ló kọ́kọ́ dá a lábàá.

"Edith, mo gbọ́ pé àwọn kan ń tọ́jú arúgbó létí ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mú mi lọ síbẹ̀."

"Màmá! Ilé arúgbó kẹ̀? Kí layé máa wí?"

"Ayé ò bá mi gbé. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́: kó jẹ́ ibi tí Rose lè fẹsẹ̀ rìn dé. Bí mi ò bá rẹ́ni bá sọ̀rọ̀ lójúmọ́, ẹ kúkú sin mí."

Màmá Rose ni ọ̀rẹ́ tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ lójú fèrèsé. Láti kékeré ni wọ́n ti jọ ń rìn. Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọ́n á jókòó síwájú ilé mi, wọ́n á gbé ọpọ́n ayò sáàárín, wọ́n á sì máa dá ẹjọ́ gbogbo ìlú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè wọ́n lẹ́jọ́.

Mo kọ̀wé sí Bọ̀ọ̀dá Frederick, ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Kaduna. Wọ́n dáhùn pé àwọn fara mọ́ ọn, àwọn á sì máa san ìdajì. "Ibi tí Màmá fẹ́ ni kí o mú wọn lọ," ni wọ́n kọ, wọ́n sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Mo lọ wo ilé náà. Nọ́ọ̀sì Helen, tó ń bójú tó o, mú mi káàkiri. Ilé mọ́ tónítóní. Náírà ọgọ́ta lóṣù, oúnjẹ àti aṣọ fífọ̀ wà nínú rẹ̀, ìkókoré lọ́jọ́ Sátidé. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta ṣófo.

"Ẹ wá wo èyí, Tíṣà," Nọ́ọ̀sì Helen ṣí fèrèsé kan. "Ẹnu géètì ṣọ́ọ̀ṣì gan-an ló dojú kọ. Láti orí bẹ́ẹ̀dì wọn, Màmá á máa rí gbogbo ẹni tó ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo wọn náà á sì máa rí Màmá."

Gbogbo wọn náà á máa rí Màmá!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rò ó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù kí a ṣe Ọjọ́ Ìsinmi Àwọn Ìyá. Èmi ni wọ́n yàn láti bá ìjọ sọ̀rọ̀. Ẹ mọ àkòrí tí wọ́n fún mi? "Bọ̀wọ̀ fún baba òun ìyá rẹ." Mo ti rán aṣọ tuntun sílẹ̀ fún un. Ṣé kí n wá dúró níwájú ìjọ nínú léèsì kí n máa wí pé ẹ bọ̀wọ̀ fún ìyá yín, kí ìyá tèmi sì máa yọjú lójú fèrèsé ilé arúgbó ní òdìkejì ọ̀nà?

Mo sọ fún Nọ́ọ̀sì Helen pé màá padà wá. Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ẹnì kan ti júwe ilé mìíràn fún mi ní Ayépé, lẹ́yìn oko kòkó kan, níbi tí ọ̀nà ọ̀dà ti parí, tí ọ̀nà ẹsẹ̀ náà sì ń ronú bóyá kí òun padà. Nọ́ọ̀sì Yéjídé tó ti fẹ̀yìn tì ló ni ín. N kò ní parọ́ mọ́ obìnrin náà: ó ní sùúrù, ilé rẹ̀ sì mọ́. Ṣùgbọ́n àgbà méjì péré ló wà níbẹ̀, ọkùnrin ni àwọn méjèèjì, etí àwọn méjèèjì sì ti di. Bàbá Dáúdà kì í gbọ́ nǹkan kan rárá. Bàbá Albert máa ń gbọ́ díẹ̀, àmọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ ló máa ń gbọ́.

Owó ilé náà fi náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dín sí ti àkọ́kọ́. Ẹ má rò pé owó ló tàn mí. Ì bá jẹ́ owó ni, ẹ̀ṣẹ̀ mi ì bá ṣeé ṣàlàyé. Ojú ayé ló tàn mí. Mo wò yí ká, mi ò rí aládùúgbò kankan, mi ò rí ọmọ ìjọ kankan, ewé kòkó nìkan ni mo rí. Ọkàn mi balẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni mo san owó oṣù mẹ́ta sílẹ̀, mo gba rìsíìtì.

"Màmá," mo wí nígbà tí mo délé, "èyí tó wà létí ṣọ́ọ̀ṣì ti kún."

"Ó ti kún pátápátá?"

"Fọ́fọ́."

Màmá wò mí títí. "Ó dáa. Bí àyè bá ṣí, wá mú mi."

Wọ́n di ẹrù wọn. Wọ́n gbé ọpọ́n ayò lé e lórí, wọ́n ní bóyá àwọn á rí ẹni bá àwọn ta. Mo sọ fún Màmá Rose pé Màmá lọ kí àwọn ẹbí ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, wọ́n á pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mo lọ wò wọ́n.

"Edith, mo sọ ìtàn ìgbéyàwó mi fún Bàbá Albert lánàá, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí mo parí, ó ní mo ṣeun, àmọ́ òun kì í jẹ ẹ̀wà lálẹ́."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Màmá ò rẹ́rìn-ín.

"Ṣé àyè ò tíì ṣí?"

"Kò tíì ṣí, Màmá."

Ó dùn mí, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n mo bá ara mi sọ ọ́ pé bí mo bá ti sọ̀rọ̀ tán ní ṣọ́ọ̀ṣì, màá wá nǹkan ṣe sí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí Ọjọ́ Ìsinmi Àwọn Ìyá ku ọjọ́ márùn-ún, lẹ́tà Bọ̀ọ̀dá Frederick dé. Wọ́n ní Ọjọ́rú ni àwọn máa gbéra ní Kaduna, àwọn á yà síbi mélòó kan lọ́nà, ó di Sátidé kí àwọn tó dé ọ̀dọ̀ mi. Wọ́n fẹ́ wo ilé tuntun Màmá àti fèrèsé ẹnu géètì ṣọ́ọ̀ṣì tí mo ti parọ́ fún wọn nípa rẹ̀ nínú lẹ́tà mi kejì.

Fèrèsé! Mo sáré lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ láti tẹ wáyà, ìwé kúkúrú tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ kó lè tètè dé.

Harold, tí àwa méjèèjì jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, ló wà nídìí káńtà. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n lè kọ "ilé arúgbó". Mi ò sì lè dárúkọ ìlú, kí Bọ̀ọ̀dá má baà mọ̀ pé kì í ṣe ibi tí a jọ fẹnu kò sí. Mo wá ọ̀rọ̀ tó gbayì tó sì bo àṣírí. Ẹ sì mọ̀ pé wáyà ò mọ àmì ohùn, kò mọ àmì ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀, lẹ́tà ńláńlá lásán ló mọ̀. Ohun tí mo kọ nìyí:

MAMA TI WO ILE ISINMI. E MA WA. MO TI SETO GBOGBO. EDITH.

Harold kà á. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Háà, Tíṣà. Ẹ kú ìnáwó o."

Àṣé Harold mọ̀ nípa ilé tí mo ń sanwó fún!

"A dúpẹ́," mo fi ohùn kékeré wí. "Ìnáwó ọ̀hún ò kéré. Oṣooṣù ni."

"Oṣooṣù?"

"Oṣù mẹ́ta ni mo kọ́kọ́ san sílẹ̀ ná."

Harold tún wáyà náà kà.

"Harold, jọ̀ọ́, má sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Ṣé irú èyí ṣeé fi pa mọ́ ni, mà?"

Láti ọjọ́ kejì ni ìlú ti yí padà sí mi. Àwọn ọmọ kíláàsì mi jókòó jẹ́ẹ́, kò sẹ́ni tó wú ikọ́. Fàtímọ̀ ẹlẹ́ran gé ẹran fún mi, kò gbowó. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ọlọ́run á fún yín lókun." Nínú ọkàn mi, mo ní Harold ti tú mi fó. Gbogbo Ìjẹ̀bú-Òde ti mọ̀ pé mo gbé ìyá mi sílé arúgbó.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, Màmá Rose wọlé pẹ̀lú aṣọ dúdú lára, ojú wọn ti wú.

"Edith, òótọ́ ni ohun tí mo gbọ́?"

Mo sorí kọ́. "Òótọ́ ni, Màmá."

"O ò sì jẹ́ kí n fojú kàn án kó tó lọ!"

"Ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé ó máa dùn yín ni. Ṣùgbọ́n ó sàn bẹ́ẹ̀. Wàhálà wọn ti pọ̀ jù. Ẹ̀yin náà ẹ rí kọ́tìnì tí wọ́n sun."

"Torí kọ́tìnì, Edith?"

"Wọn ò kúkú dá wà níbẹ̀. Bàbá méjì ló wà pẹ̀lú wọn."

"Nínú ibì kan náà?"

"Yàrá wọn yàtọ̀ o."

Màmá Rose fi gèlè nu ojú. Àánú wọn ṣe mí. Mo sún mọ́ wọn, mo gbá wọn mọ́ra.

"Ẹ má sunkún mọ́. Ibẹ̀ ò jìnnà. Bó bá wù yín, èmi fúnra mi á mú yín lọ bá wọn lọ́jọ́ Sátidé."

Màmá Rose fò sẹ́yìn bí ọmọ ogún ọdún.

"Èmi? Ìwọ ọmọ yìí! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ayé ṣì ń dùn mọ́ mi!"

Wọ́n gbàgbé bàtà wọn sílé mi. Mo dúró, mo ń wo bàtà, ọ̀rọ̀ náà ò yé mi.

Ó yé mi lọ́jọ́ Sátidé. Mo ń lọ léèsì mi tí mo fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ kejì nígbà tí píkọ́pù kan dúró níwájú ilé. Bọ̀ọ̀dá Frederick sọ̀ kalẹ̀ nínú kóòtù dúdú. Pósí ni wọ́n gbé sẹ́yìn ọkọ̀, pósí tó ń dán, tí wọ́n rà ní Ìbàdàn bí wọ́n ṣe ń bọ̀. Màmá Rose àti obìnrin bíi mẹ́wàá láti ìjọ wa ti dúró lẹ́bàá ọ̀nà, Harold sì wà lẹ́yìn wọn.

Bọ̀ọ̀dá dì mọ́ mi, wọ́n bú sẹ́kún. "Níbo lo tẹ́ Màmá sí?"

"Orí bẹ́ẹ̀dì ni."

"Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun?"

"Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń dìde jókòó bí wọ́n bá fẹ́ jẹun."

Obìnrin kan bọ́ bàtà rẹ̀ sọ́wọ́, ó ti ń wo ọ̀nà tí òun máa bá sá lọ.

Bọ̀ọ̀dá Frederick yọ wáyà nínú àpò, wọ́n kà á sókè kí gbogbo èèyàn gbọ́: "Màmá ti wọ ilẹ̀ ìsinmi. Ẹ máa wá. Mo ti ṣètò gbogbo. Edith."

Mo já bébà náà gbà. ILE. E MA WA. Lẹ́tà ńláńlá tí mo yàn fúnra mi ń wò mí lójú.

"Bọ̀ọ̀dá, ilé ni! Ilé ìsinmi! Mi ò wí pé ilẹ̀! 'Ẹ má wá' ni mo kọ, mi ò wí pé kí ẹ máa wá!"

Bọ̀ọ̀dá wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Àmì dà?"

Mo yí bébà náà padà, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ìwọ tíṣà Yorùbá. Àmì dà?"

Harold tún un ṣe lẹ́yìn pé, "Wáyà ò ní àmì, sà," àmọ́ ariwo ti bo ohùn rẹ̀. Màmá Rose ti pariwo: "Matilda ò kú!" Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í jó lẹ́bàá ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó dúró béèrè pé ilé wo. Wọ́n ní kí n wọ ọkọ̀, kí n júwe ọ̀nà, Màmá Rose náà sì bá wa lọ. Nígbà tí mo ní kí awakọ̀ kọrí sí ọ̀nà Ayépé, Bọ̀ọ̀dá yí ojú wò mí.

Màmá jókòó síta pẹ̀lú ọpọ́n ayò níwájú wọn. Ọwọ́ ọ̀tún wọn ló ń bá ọwọ́ òsì ta. Bàbá Dáúdà ń sùn, Bàbá Albert ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí igi kòkó.

Màmá gbójú sókè, wọ́n rí aṣọ dúdú, wọ́n rí pósí.

"Ta ló kú?"

Bọ̀ọ̀dá ló wá sọ ọ́. "Ẹ̀yin ni, Màmá."

Bọ̀ọ̀dá ka wáyà fún wọn. Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n dìde, wọ́n lọ fọwọ́ kan pósí, wọ́n kàn án kó-kó-kó bí ẹni ń kanlẹ̀kùn.

"Igi gidi ni. Frederick, o ṣeun. Àmọ́ ó gùn jù fún mi."

Màmá Rose dì mọ́ wọn. "Matilda, kí lo wá ṣe nínú igbó yìí? Ṣebí bẹ́ẹ̀dì ṣófo létí ṣọ́ọ̀ṣì?"

Ẹ̀rín tán lójú Màmá. "Ó ṣófo?"

"Mẹ́ta. Láti oṣù tó kọjá ni Nọ́ọ̀sì Helen ti ń wá ẹni tó máa gbà á."

Màmá yí padà sí mi. Mo rò pé wọ́n á gbá mi létí. Mo ń gbàdúrà pé kí wọ́n gbá mi létí.

"Edith," wọ́n wí jẹ́ẹ́, "o ń tijú mi."

Mo kúnlẹ̀. Léèsì mi, ìjọ, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ, gbogbo rẹ̀ di ohun ẹ̀gàn lójú mi. Mo sunkún bí ọmọ kékeré.

"Mo sọ fún yín pé bí mi ò bá rẹ́ni bá sọ̀rọ̀, kí ẹ kúkú sin mí. Wáyà rẹ ò ṣìnà. O ti sin mí lóòótọ́."

Bàbá Albert gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀. "Ẹ ṣeun," ó wí, "mo ti yó."

Màmá Rose kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, Màmá náà ò lè mú un mọ́ra. Ìgbà yẹn ni wọ́n fọwọ́ kàn mí lórí. "Dìde. Lọ di ẹrù mi. Lọ́la, ohun tí o ṣe ni kí o sọ fún wọn."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Màmá sùn lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lọ́dọ̀ Nọ́ọ̀sì Helen. Ní ọjọ́ kejì, mo pa ọ̀rọ̀ tí mo ti kọ sílẹ̀ tì, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìjọ láìyọ ohunkóhun sílẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, nígbà tó yá, àwọn kan ń nu ojú. Nígbà tí a jáde, Màmá wà lójú fèrèsé, wọ́n ń juwọ́ sí gbogbo èèyàn bí ẹni tó ń díje fún ìbò. Lọ́jọ́ Ajé, ẹnì kan ti kọ ILE gàdàgbà sójú pátákó kíláàsì mi. Mi ò béèrè ẹni tó kọ ọ́.

Ní ti pósí, ẹni tó tà á ní òun ò gba pósí padà láyé. Màmá ní kí n gbé e pa mọ́, àwọn á lò ó. Ẹ̀yìn kíṣìnì mi ló wà fún ọdún márùn-ún. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi tí mo bá gbé ìkókoré láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, tí mo ń lọ sọ́dọ̀ wọn, ó máa ń kí mi.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń wá ilé ìtọ́jú fún òbí yín, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ kàn béèrè lọ́wọ́ ara yín, ta ni ẹ̀ ń wá a fún? Èmi wá ilé tó bá ìtìjú mi mu, mo sì gbé ìyá mi sínú rẹ̀.

Màmá lo ọdún márùn-ún létí fèrèsé yẹn, Màmá Rose kò sì pa ìrọ̀lẹ́ kan jẹ. Nígbà tí ó rẹ̀ wọ́n, wọ́n pè mí. "Bí mo bá lọ, wáyà yẹn náà ni kí o tún tẹ̀ sí Frederick. Ó dùn mọ́ mi."

Ní oṣù kejì ọdún 1989, mo dúró níwájú káńtà Harold, mo kọ ọ́ bí wọ́n ṣe wí: MAMA TI WO ILE ISINMI. Omijé ò jẹ́ kí n kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kejì, mo lọ gba èsì Bọ̀ọ̀dá ní káńtà náà. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni: ILE TABI ILE?

Èmi àti Harold wo ara wa. A rẹ́rìn-ín, a sì sunkún sórí káńtà náà. Mo gba fọ́ọ̀mù tuntun, mo dá ẹ̀gbọ́n mi lóhùn: E MAA WA.

Lọ́tẹ̀ yìí, mo kọ A méjì.